George Stephenson àti Àbá Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́ ìtàn nílé ẹ̀kọ́ ni a ó ti sọ fún pé George Stephenson ni baba ọkọ̀ ojú irin. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń fa ẹrù lórí irin. Richard Trevithick, ọmọ Cornwall, ti ṣe é ní ọdún 1804, ó sì kú ní òtòṣì. Ohun tí Stephenson ṣe tí apá Trevithick kò ká ni pé ó mú kí àwọn olówó gbà láti tú àpò wọn sórí ohun tí ojú wọn kò tíì rí. Nínú iṣẹ́ yìí, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní gbangba, ìṣubú tí ó lè pa orúkọ ènìyàn rẹ́, kí ó tó dìde. Nítorí ìṣubú náà gan-an ni mo ṣe rò pé ìtàn rẹ̀ yẹ fún ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú wa ti di agbaṣẹ́ṣe, oníṣòwò àti onímọ̀-ẹ̀rọ, tí wọ́n ń gbé ìwé àbá lọ síwájú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí wọ́n sì ń padà wálé láìmọ ìdí tí a kò fi gba àbá wọn.

A bí George ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 1781 ní Wylam, ìletò kan lẹ́bàá odò Tyne ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Robert ni orúkọ bàbá rẹ̀, Mabel ni ti ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wé. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni láti máa da èédú sí iná ẹ̀rọ tí ń fa omi kúrò nínú kòtò tí a ti ń wa èédú. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ìdílé náà ń gbé, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà fa ọkọ̀ èédú sì wà níwájú ilẹ̀kùn wọn. Ní kékeré, màlúù ni George ń dà fún opó kan, kọ́bọ̀ méjì sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lóòjọ́. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ibi ìwakùsà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú èédú. Nígbà tí ó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti di olùtọ́jú ẹ̀rọ, ipò rẹ̀ sì ga ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Bí ó bá di ọ̀sán Sátidé tí iṣẹ́ dáwọ́ dúró, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ṣeré, òun a máa tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ láti wo inú rẹ̀, yóò nù ún, yóò sì tò ó padà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìwé. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni ó ń san lọ́sẹ̀ fún olùkọ́ tí ń kọ́ni lálẹ́. Ní ọdún 1802 ó fẹ́ Frances Henderson, wọ́n sì bí Robert, ọmọ wọn ọkùnrin, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1806 ìyàwó rẹ̀ kú, kò sì pẹ́ sí àkókò náà tí ooru ẹ̀rọ fi bu bàbá rẹ̀ lójú, tí ojú náà sì fọ́. George ń bọ́ bàbá, ó ń bọ́ ọmọ. Ó ń tún bàtà ṣe, ó ń tún aago ṣe, kí owó lè tó láti rán Robert lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa ní Newcastle. Bí ọmọ bá dé ní ìrọ̀lẹ́, ìwé kan náà ni bàbá àti ọmọ yóò jọ jókòó tì, ọmọ a sì máa ka èyí tí ó bá le fún bàbá. Títí tí George fi kú, kò mọ ìwé kọ dáadáa, ohùn àríwá kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí a rántí èyí, nítorí pé yóò padà wá nínú ìtàn yìí.

Ní ọdún 1811, kòtò tuntun kan wà ní Killingworth, níbi tí George ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ kò lè fa omi rẹ̀ tán; bí ọdún kan ni ó fi ń fà á, síbẹ̀ omi kò gbẹ. Àwọn ògbóǹtagí onímọ̀-ẹ̀rọ àdúgbò náà gbìyànjú títí, ó sú wọn. George kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yìí ni ó ń lọ síbẹ̀ láti wo ẹ̀rọ náà, tí ó ń bi àwọn olùtọ́jú rẹ̀ léèrè, tí ó sì ń rò ó lọ́kàn. Nígbà tí ó dé etí ọ̀gá pé ọkùnrin yìí ní òun lè ṣe é, tí ọ̀gá sì ránṣẹ́ pè é, kì í ṣe ìgbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ohun tí yóò sọ. Ó mọ ibi tí àìsàn ẹ̀rọ náà wà, ó sì mọ ohun tí òun yóò pààrọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó béèrè ni pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun yan àwọn tí yóò bá òun ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ omi gbẹ, àwọn awakùsà sì sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. £10 ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ní ọdún 1812, wọ́n fi í ṣe olórí gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀, owó-ọ̀yà rẹ̀ sì di £100 lọ́dún.

Ipò yìí ni ó fún un láǹfààní láti ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ń rìn, Blücher, ní ọdún 1814. Ẹ́ńjìnnì náà fa 30 tọ́ọ̀nù gun òkè, ó ń rin máìlì 4 ní wákàtí kan. Ní ọdún 1815, ó ṣe àtùpà kan tí iná rẹ̀ kì í ran afẹ́fẹ́ búburú inú kòtò. Ní àkókò kan náà ni Humphry Davy, ọ̀mọ̀wé ńlá ní London, ṣe tirẹ̀. Wọ́n fún Davy ní £2,000, àwọn kan sì sọ pé olè ni Stephenson, pé níbo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti rí ọgbọ́n. Àwọn ará Newcastle ni wọ́n dá £1,000 jọ fún un. Ó di ọdún 1833 kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn méjèèjì lórí àtùpà náà dọ́gba. Láti ìgbà náà ni Stephenson kò ti fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ńlá mọ́, mo sì rò pé èyí wà lára ohun tí ó kó bá a lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1821, àwọn oníṣòwò Darlington gba àṣẹ láti la ojú irin láti ibi ìwakùsà wọn dé Stockton, kí èédú lè dé etí omi. Aṣáájú wọn ni Edward Pease, oníṣòwò irun àgùntàn, ọmọ ìjọ Quaker, ẹni tí kì í fi owó ṣeré. Ẹṣin ni Pease ní lọ́kàn pé yóò máa fa ọkọ̀ náà. Stephenson tọ̀ ọ́ lọ nílé, òun àti Nicholas Wood, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Killingworth. Kò fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ dá Pease lágara. Ó ní ẹ́ńjìnnì kan yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹṣin. Kàkà tí ìbá sì fi máa jiyàn, ó pe Pease wá sí Killingworth kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Pease lọ, ó rí àwọn ẹ́ńjìnnì náà lẹ́nu iṣẹ́ wọn ojoojúmọ́, èédú ni wọ́n sì ń fà bí wọ́n ti ń fà á lánàá. Kò sí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn fún àlejò nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ẹni Stephenson. Ní ọdún 1823, òun náà fi owó sí i nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní Newcastle, èyí tí wọ́n fi orúkọ Robert ọmọ Stephenson pè.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ Darlington yìí tí àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò kọjá, èmi kò sì fẹ́ fò ó. Stephenson àti William Losh, oníṣẹ́ irin kan ní Newcastle, ni wọ́n jọ ní ẹ̀tọ́ lórí irú irin kan tí a ń dà ní àdàmọ́. Bí àwọn olùdarí bá lo irin náà, owó yóò wọlé fún un. Ṣùgbọ́n irin mìíràn ti jáde ní Bedlington, èyí tí a ń fi ìlù àti ìyí ṣe, tí kì í tètè ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè èyí tí ó dára jù, ó sọ fún wọn pé ti Bedlington ni. Owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Losh sì di ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí Stephenson bá ti sọ pé nǹkan báyìí ni ó dára, Pease àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í tún wádìí.

Ní ìgbà náà, àwọn oníṣòwò Liverpool àti Manchester ń kérora. Òwú ń ti òkè òkun dé sí Liverpool, Manchester ni a ti ń hun ún. Bí i máìlì 30 ó lé díẹ̀ ni ó wà láàárín ìlú méjèèjì. Àwọn tí ó ni odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́ nìkan ni ẹrù ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, iye tí ó wù wọ́n ni wọ́n sì ń gbà. Ìdí nìyí tí Joseph Sandars, oníṣòwò ọkà ní Liverpool, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti la ojú irin. Ní ọdún 1824, wọ́n fi Stephenson ṣe onímọ̀-ẹ̀rọ wọn. Òun ni yóò wọn ilẹ̀, òun ni yóò ṣírò owó, òun náà ni yóò sì dúró níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti gbèjà rẹ̀, nítorí pé láìsí òfin tí Ilé náà ṣe, kò sí ẹni tí ó lè la ojú irin gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ kọjá.

Àwọn onílẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Àwọn ìjòyè bí Derby àti Sefton, àti Bradshaw tí ń ṣe àbójútó odò Bridgewater, fi àwọn ọdẹ wọn ṣọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Àwọn wọ́nlẹ̀wọ́nlẹ̀ ní láti yọ́ wọ ilẹ̀ náà bí olè, nígbà mìíràn lóru. Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè gún régé. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi Stephenson wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú irin Darlington kò tíì parí, àwọn ìlú mìíràn sì ti ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni Robert, ọmọ rẹ̀ tí ó mọ ìṣirò, ti lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 1824. Ó fi ìwọ̀n ilẹ̀ lé àwọn ọmọ-iṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n kó ìwé wá fún un, ó gbà á, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò padà lọ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 1825, wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ tí Ilé Aṣòfin yàn láti gbọ́ ọ̀ràn náà. Àwọn lọ́yà ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé kí ó má ṣe sọ pé ẹ́ńjìnnì yóò sáré ju máìlì 10 lọ ní wákàtí kan, kí a má baà rò pé orí rẹ̀ kò pé. Ìmọ̀ràn rere ni, ó sì ṣòro fún un láti pa á mọ́. Àwọn tí ó lòdì sí i fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé ará ilẹ̀ òkèèrè ni. A máa ń sọ ọ́ pé ẹnì kan bi í léèrè bí màlúù bá bọ́ sójú irin ńkọ́, kò ní burú bí? Ó ní yóò burú gan-an fún màlúù náà. Títí dé ìhín, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Nígbà náà ni Edward Alderson, lọ́yà àwọn ọlọ́dò, dìde. Kò bá a sọ̀rọ̀ nípa ohùn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ nípa màlúù. Ó ṣí ìwé tí Stephenson fúnra rẹ̀ mú wá. Ojú irin náà yóò la odò Irwell kọjá ní Manchester: báwo ni odò náà ti fẹ̀ tó níbẹ̀? Stephenson kò lè sọ ọ́. Bí omi bá kún, ibo ni ó ń dé? Kò mọ̀ ọ́n. Ojú mélòó ni afárá náà yóò ní? Wọn kò tíì pinnu rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni ó ṣe ṣírò iye owó afárá? Ó ní iye tí òun kọ sílẹ̀ yóò tó. Alderson bọ́ sórí ìwọ̀n gíga àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó ń fi ìkan lé ìkan, títí ó fi hàn gbangba pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Stephenson jẹ́wọ́ pé àwọn ẹlòmíràn ni ó wọ̀n ọ́n, pé kì í ṣe òun.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ apá kejì wọlé. Francis Giles, ọ̀kan nínú wọn, sọ pé irà Chat Moss tí ojú irin náà yóò gbà kọjá nìkan yóò jẹ £270,000. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni, nítorí pé ẹni tí ó yẹ kí ó fi ìṣirò já a kò ní ìṣirò tí ẹnikẹ́ni tún lè gbà gbọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ dìbò lórí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ òfin náà, ènìyàn 37 gbà á, 36 kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan apá tí ó fún ilé-iṣẹ́ náà láṣẹ láti la ojú irin, ènìyàn 19 kọ̀ ọ́, 13 péré ni ó gbà á. Wọ́n kó ìwé wọn kúrò nílẹ̀.

Àwọn kan tí ó kọ ìtàn Stephenson fẹ́ kí a sunkún fún un níhìn-ín. Wọ́n ní àwọn ọmọ ọlọ́lá fi ọmọ tálákà ṣẹ̀sín. Yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ ṣe burú, èmi kò sọ pé kò burú. Ṣùgbọ́n fífẹ̀ odò Irwell kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohùn. Ọmọ tálákà lè fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó lọ wo ẹ̀rọ Killingworth títí tí ó fi mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà, tí kò tíì sí ẹni tí ó pè é, kò lọ wo odò tí wọ́n sanwó fún un láti wò. Mo ti rí ìwé àbá tí ó kọjá níwájú mi, tí ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ìyìn ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó sì jẹ́ pé bí a bá bi ẹni tí ó gbé e wá léèrè bí ó ti rí iye owó sìmẹ́ńtì tí ó wà lójú ewé kẹrin, akọ̀wé tí ó tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa wò lójú. Irú wọn kì í gbàgbọ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ṣe ikú pa àbá wọn. Wọn a ní ẹnì kan ni kò fẹ́ràn àwọn.

Àwọn olùdarí Liverpool kò bá Stephenson jà, ṣùgbọ́n wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e fún George àti John Rennie, ọmọ ìyá kan náà, àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ London tí orúkọ wọn kò ní àbùkù. Charles Vignoles ni ó bá wọn wọn ilẹ̀ tuntun. Wọ́n yí ojú ọ̀nà padà kúrò lórí ilẹ̀ àwọn ìjòyè tí ń bínú níbi tí wọ́n ti lè yí i. Wọ́n sì ṣe ohun ọgbọ́n mìíràn: wọ́n lọ bá ọlọ́lá Stafford, ẹni tí èrè odò Bridgewater ń bọ́ sí lọ́wọ́, wọ́n sì pè é kí ó wá ní ìpín nínú ojú irin. Ó ra ìpín 1,000, iye owó rẹ̀ sì jẹ́ £100,000. Báyìí ni alátakò ńlá di alábàápín. Ní ọdún 1826, Ilé Aṣòfin gba òfin náà, ènìyàn 88 gbà á, 41 kọ̀ ọ́, ọba sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, Stephenson ti parí. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò yìí, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1825, ojú irin Darlington ti ṣí, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì wa ẹ́ńjìnnì náà, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn gun àwọn ọkọ̀ tí ó ń fà. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ síbẹ̀ lọ wò ó. Nígbà tí àwọn Rennie àti àwọn olùdarí kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí bí iṣẹ́ yóò ti rí, wọ́n pe Stephenson padà.

Irà Chat Moss ni ó kọ́kọ́ dán an wò. Ó ju máìlì 4 lọ tí ojú irin yóò gbà kọjá lórí rẹ̀, ènìyàn kò sì lè dúró lórí rẹ̀ kí ó má rì. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń da iyẹ̀pẹ̀ sí i tí irà ń gbé e mì, tí àwọn olùdarí fi ń bẹ̀rù pé owó ti ṣòfò. Stephenson hun ẹ̀ka igi pọ̀ mọ́ koríko, ó tẹ́ ẹ bí ẹní, ó gbé ojú irin lé e, ojú irin náà sì léfòó lórí irà bí ọkọ̀ ojú omi. Iye tí ó ná wọn jẹ́ bí £28,000. Kí ẹ rántí £270,000 tí Giles pè é.

Síbẹ̀, wọn kò tíì gbà pé ẹ́ńjìnnì ni yóò fa ọkọ̀ náà. Àwọn ògbógi méjì tí wọ́n rán lọ ṣe ìwádìí padà wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lójú kan, kí wọ́n máa fi okùn fa ọkọ̀ láti ibùdó dé ibùdó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1829, àwọn olùdarí kéde pé £500 wà fún ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ṣe ohun tí àwọn béèrè: kí ó fa ẹrù tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ó rin máìlì 10 ní wákàtí kan, kí iye owó rẹ̀ má ju £550 lọ, kí ó sì má rú èéfín. Rainhill, nítòsí Liverpool, ni a ó ti dán wọn wò ní oṣù kẹwàá.

Ní báyìí, kí a wo bí ẹni tí a ti dójú tì ṣe múra. Robert ti ti Amẹ́ríkà dé ní ọdún 1827. Henry Booth, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ojú irin náà, ni ó mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n la ọ̀pọ̀ ọ̀pá tín-ín-rín gba inú ìkòkò omi ẹ̀rọ kọjá, kí iná lè gba inú wọn, kí omi lè tètè hó. Bàbá àti ọmọ kò bi í léèrè ibi tí akọ̀wé ti mọ ẹ̀rọ; wọ́n gbà á. Ọ̀pá bàbà 25 ni Robert fi sínú ẹ́ńjìnnì náà ní Newcastle. Orúkọ rẹ̀ ni Rocket. Wọ́n fi omi dán ìkòkò náà wò, ó ń jò, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ka ohun tí àwọn olùdarí béèrè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe é ní ìwọ̀nba: ẹ́ńjìnnì náà fúyẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní tọ́ọ̀nù 4, nítorí pé bí ó bá ti fúyẹ́ sí ni ẹrù tí yóò fà yóò ti kéré sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, wọ́n gbé e lọ sórí ojú irin Killingworth, wọ́n sì sá a níbẹ̀ títí tí ọkàn wọn fi balẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó tú u palẹ̀, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí Carlisle, tí ó sì ti ibẹ̀ gba ojú omi dé Liverpool.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, ènìyàn tí ó lé ní 10,000 péjọ sí Rainhill. Novelty, tí Braithwaite àti Ericsson ṣe ní London, ni ojú gbogbo ènìyàn wà lára rẹ̀. Ó lẹ́wà, ó sì yára bí àṣá. Ṣùgbọ́n kò sí ojú irin ní London tí wọ́n lè ti dán an wò; ọjọ́ tí àwọn olùdájọ́ ń wò ó ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ irin rìn. Ọ̀pá rẹ̀ bẹ́, wọ́n tún un ṣe, ó tún bẹ́. Sans Pareil ti Timothy Hackworth lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ìwọ̀n tí òfin ìdíje gbà lọ, òun náà sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Perseverance kò lè sáré. Cycloped, ẹṣin ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Rocket nìkan ni ó ṣe ohun gbogbo. Ó lọ, ó bọ̀, ìgbà 20, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ bí ẹni lọ láti Liverpool dé Manchester tí ó sì padà, ó sì kọjá máìlì 10 tí wọ́n béèrè. Nígbà tí ó sáré jù, ó sún mọ́ máìlì 30. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn kan sì ti sọ pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí ó lè gun òkè Whiston láìsí okùn, Stephenson kó ènìyàn sínú ọkọ̀, ó so ó mọ́ Rocket, ó sì gun òkè náà lójú wọn. Kò sí lọ́yà tí ó bi í léèrè ohunkóhun ní ọjọ́ náà. Àwọn olùdarí san £500, wọ́n sì béèrè fún ẹ́ńjìnnì sí i. Ọ̀rọ̀ okùn parí síbẹ̀.

Ojú irin Liverpool sí Manchester ṣí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1830, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Duke ti Wellington, sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà kò dùn tán. William Huskisson, aṣòfin Liverpool, ẹni tí ó ti ran ojú irin náà lọ́wọ́ gidigidi, sọ̀ kalẹ̀ láti kí Wellington, Rocket sì gé e lẹ́sẹ̀. Stephenson fúnra rẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì mìíràn sáré gbé e lọ sí Eccles, ṣùgbọ́n ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọdún 1831, ènìyàn tí ó lé ní 400,000 ni ó wọ ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, kò sí ìlú tí kò fẹ́ kí Stephenson wá la ojú irin fún òun. Ó di olówó, ó lọ ń gbé nínú ilé ńlá kan ní Tapton lẹ́bàá Chesterfield, ó ń gbin èso àjàrà àti kùkúńbà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi oyè dá a lọ́lá, ó kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1847, nígbà tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ó kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1848, wọ́n sì sin ín sí Chesterfield.

Fífẹ̀ ojú irin tí ó lò ní Liverpool jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 ààbọ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la ojú irin wa láti Èkó dé Ìbàdàn láàárín ọdún 1896 sí 1901, wọn kò lo ìwọ̀n yìí. Èyí tí ó há ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ojú irin tuntun tí a ṣí láàárín ìlú méjèèjì ní ọdún 2021, tí àwọn ará Ṣáínà bá wa ṣe, ìwọ̀n Stephenson ni.